Ṣé Arán Wà Nínú Ẹ̀jẹ̀ Wa?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fẹ́ràn láti máa sọ ní gbangba. Ó pẹ́ tí mo ti ń rò ó bóyá kí n kọ ọ́ tàbí kí n má kọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé, tí a sì ń fi aṣọ bò ó, mo ní kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe, kí n sì sọ ohun tí mo kọ́ níbẹ̀, bóyá yóò ṣe ẹlòmíràn ní àǹfààní.

Ìwádìí ìgbéyàwó ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ mi ọkùnrin rí ọmọbìnrin kan tí ó fẹ́ fi ṣe aya, àwa òbí sì rí i pé ọmọ gidi ni. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, kí ìtọrọ tó wáyé, ẹbí kọ̀ọ̀kan a máa wádìí ẹbí kejì wò: ṣé kò sí wèrè níbẹ̀, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀, ṣé kò sí wárápá, ṣé wọn kì í kú ní rèwerèwe? Ní ayé òde òní a ti fi jẹnotáìpù kún un. Ìyẹn kò bà wá lẹ́rù, nítorí AA ni ọmọ mi, AS sì ni ọmọbìnrin náà, a sì mọ̀ pé wọn kò lè bí ọmọ tí yóò jẹ́ SS. N kò mọ̀ pé ìbéèrè mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní ọdún 2024, àwọn àgbà méjì láti ìdílé ọmọbìnrin náà wá sí ilé mi ní Ìbàdàn. Ọ̀kan jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, èkejì jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ìyá àgbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. A fún wọn ní omi, a gbé obì kalẹ̀. Lẹ́yìn tí a ti kí ara wa tán, bàbá náà wúkọ́, ó ní:

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú o. Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. A gbọ́ ní àdúgbò pé ìyá yín tí ó ti di olóògbé, wọ́n ní kí ó tó lọ, kò mọ ọmọ bíbí inú rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní a máa rìn lóru. Wọ́n sì ní bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá tirẹ̀ ṣe kí ó tó kú. Àwọn kan ní àjẹ́ ni, àwọn kan ní arán lásán ni. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àfi bí ẹni pé wọ́n da omi tútù sí mi lára. Kì í ṣe pé ìbéèrè náà kò tọ́. Ohun tí ó mú mi ni pé èmi pàápàá ti ń bi ara mi ní ìbéèrè náà lóru láti ọdún mẹ́ta, n kò sì rí ìdáhùn. Bí mo bá gbàgbé ibi tí mo fi kọ́kọ́rọ́ sí, àyà mi a já. Bí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan bá sọnù lẹ́nu mi, oorun mi a dá. Mo dá àwọn àgbà náà lóhùn pé, "Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. N kò fẹ́ purọ́ fún yín." Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ìyá mi ti jẹ́. Ẹ̀lúbọ́ ni ó ń tà ní Ọjà Ọba. Kò lọ sí ilé ìwé ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè rẹ́ ẹ jẹ nínú ìṣirò. Orí ni ó fi ń mọ gbèsè gbogbo oníbàárà rẹ̀, kò kọ ọ́ sí ibì kankan, kò sì ṣì í rí. Ní ọdún 2014, nígbà tí ó di ẹni ọdún 76, ó fún oníbàárà kan ní ṣéńjì tí ó ju owó tí ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. A fi ṣe ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà ó se ọbẹ̀ kò fi iyọ̀ sí i, ó tún se òmíràn ó fi iyọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mẹta. A ní àgbà ni ó dé. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí wákàtí kan tó pé. A ní, "Màmá ti ń ṣarán." Bí a bá ti pè é ní arán tán, ó parí nìyẹn; a kì í wádìí rẹ̀ mọ́.

Ní ọdún 2017, ní nǹkan bí agogo méjì òru, aládùúgbò kan bá a lójú títì. Ó gbé igbá òfìfo rù, ó ń lọ sí ọjà. Ó ní ilẹ̀ ti mọ́, àwọn oníbàárà ń dúró de òun. Aládùúgbò náà fà á lọ́wọ́ wá sí ilé. Ó ṣe wá ní kàyéfì pé nínú ọ̀sẹ̀ kan náà ni ọmọ ìkókó kan kú nínú agbo ilé tí ó kángun sí tiwa. Ẹ sá mọ òwe àwọn àgbà: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn ìyá ọlọ́mọ ti ń pe ọmọ wọn wọlé bí ìyá mi bá jáde sí ìloro.

Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi wà nìyí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé ìyá wa lọ sí ilé àdúrà kan. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ ara wa ni a fi rìn débẹ̀. Wọ́n ní kí a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méje. Wọ́n fi ààwẹ̀ gbà á, wọ́n sì fi okùn so ó lọ́wọ́ mọ́ òpó kí ó má bàa rìn lóru. Wọ́n ń bi í léèrè tọ̀sán-tòru pé kí ó jẹ́wọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó jẹ́wọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun jẹ ọmọ náà. Ẹ̀yin òǹkàwé, ní àkókò náà, bí ẹ bá bi ìyá mi bóyá òun ni ó kọ́ gbọ̀ngán Mápó, yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ ṣáà jẹ́ kí òun sùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pè mí pé kí n wá gbọ́ ọ, mo gbà á gbọ́. Fún odindi òru kan, èmi ọmọ rẹ̀, èmi tí mo fi ọdún 34 kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ilé ìwé, mo gbà gbọ́ pé apànìyàn ni ìyá mi.

Àbúrò wa obìnrin ni ó dé láti Òṣogbo ní ọjọ́ kejì, tí ó fi igbe ta, tí ó sì tú okùn náà fúnra rẹ̀. Okùn ti ha ìyá mi lọ́rùn ọwọ́. Ibẹ̀ pupa, ó wú, ó gbóná, bí a bá sì fi ọwọ́ kàn án, a ké. Egbò yẹn ni ó gbé wa dé ọ̀dọ̀ dókítà, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí mo fi mọ ohun tí mo mọ̀ lónìí.

Dókítà náà jẹ́ ọmọbìnrin tí mo lè bí. Ó wẹ egbò, ó fi oògùn sí i, kò sì bi wá ní ìbéèrè tí ojú yóò fi tì wá. Ó wá jókòó ti ìyá mi, ó bi í ní orúkọ ọjọ́, ó bi í ní ibi tí a wà, ó dárúkọ ohun mẹ́ta fún un, ó ní kí ó pè wọ́n padà. Ìyá mi kò rántí ẹyọ kan. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó bá a pé ó ga púpọ̀. Bóyá ó ti ń ga bẹ́ẹ̀ láti ọdún mélòó kan, kò sí ẹni tí ó wọ̀n ọ́n rí. Lẹ́yìn àyẹ̀wò mìíràn, ó sọ fún mi pé:

"Bàbá, ìyá yín kì í ṣe àjẹ́. Ọpọlọ wọn ni ó ń ṣàìsàn. Ẹ wo ọwọ́ wọn yìí bí ó ti pupa tí ó sì gbóná. Egbò nìkan kọ́ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ara ni ó dá iná yẹn, kí ó lè bá ìdọ̀tí inú egbò jà. Bí ìjà bá parí, iná a kú, egbò a jinná. Ṣùgbọ́n bí iná náà bá kọ̀ tí kò kú, onílé ni yóò máa jó. Irú iná bẹ́ẹ̀ wà nínú ọpọlọ pẹ̀lú. Òun kì í pupa síta, kì í wú síta, nítorí náà a kì í rí i."

Ìyá mi lo ọdún mẹ́rin sí i. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. A fún un ní oúnjẹ lẹ́nu, a wẹ̀ ẹ́, a sì ń ti ìlẹ̀kùn lálẹ́. Ó kú ní ọdún 2021 ní orí ibùsùn rẹ̀. Kò mọ orúkọ mi mọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n bí mo bá wọlé a máa ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó, ṣé ẹ ti jẹun?"

Nígbà tí àwọn àna wa bi mí ní ìbéèrè wọn, ọ̀dọ̀ dókítà yìí kan náà ni mo padà sí. Mo bá a jókòó lẹ́ẹ̀mejì, ó fún mi ní ìwé kà, mo sì kà á bí ẹni tí ń múra ìdánwò. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni mo fẹ́ là yín lóye, ní èdè tí ìyá mi ì bá fi gbọ́ ọ.

Èkíní, àrùn ni arán. Kì í ṣe ẹ̀san, kì í ṣe epe. Oríṣiríṣi àrùn ni ó ń fà á, èyí tí ó sì wọ́pọ̀ jù ni wọ́n fi orúkọ dókítà ará Jámánì kan pè, Alois Alzheimer. Ní ọdún 1906 ni dókítà yìí yẹ ọpọlọ obìnrin kan tí ó ti kú wò, Auguste Deter ni orúkọ rẹ̀, ẹni tí iyè rẹ̀ ti rà pátápátá kí ó tó kú. Ó bá ìdọ̀tí tí ó dì káàkiri inú ọpọlọ náà, ó sì bá nǹkan bí òwú tí ó ta kókó nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ní ọdún 1919, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì kan, Pío del Río Hortega, ṣàpèjúwe àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké kan nínú ọpọlọ tí iṣẹ́ wọn jọ ti ọlọ́dẹ àdúgbò tí ó tún ń gbálẹ̀. Àwọn ni ó ń kó ìdọ̀tí kúrò, àwọn ni ó sì ń bá àjèjì jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ọlọ́dẹ ti máa ń rí. Bí ó bá sùn, olè yóò kó ilé lọ. Bí inú bá sì ń bí i ní gbogbo ìgbà, yóò máa lu onílé pẹ̀lú olè. Nínú àrùn yìí, àwọn ọlọ́dẹ ọpọlọ a máa ṣe méjèèjì.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bi mí. Gbogbo wa ni ó jogún ìlànà ara wa lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Ìlànà kọ̀ọ̀kan ni àwọn onímọ̀ ń pè ní jíìnì. Lára àwọn jíìnì wọ̀nyí ni a rí àwọn tí ń pàṣẹ fún àwọn ọlọ́dẹ yìí. Bí ó ti jẹ́ pé ìwà ọmọ ìyá méjì kò rí bákan náà, bẹ́ẹ̀ ni iná inú ara ènìyàn méjì kò jó bákan náà: ti ẹnì kan a tètè ràn, ti ẹlòmíràn a tètè kú.

Ọ̀kan nínú àwọn jíìnì náà ni wọ́n ń pè ní APOE. Oríṣi mẹ́ta tí ó wọ́pọ̀ ni ó ní, wọ́n fi nọ́ńbà 2, 3 àti 4 pè wọ́n. Lára iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń gbé ọ̀rá kiri inú ara, ó sì ní ọwọ́ nínú bí àwọn ọlọ́dẹ ọpọlọ ti ń bínú tó. Ní ọdún 1993, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà rí i pé oríṣi 4 pọ̀ lára àwọn tí àrùn Alzheimer mú. Láàárín àwọn òyìnbó, ẹni tí ó gba ẹyọ kan lọ́wọ́ òbí, ewu rẹ̀ a máa tó ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tí ó gba méjì, tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ní ìparí ọdún 2012, ẹgbẹ́ onímọ̀ méjì, tí ọ̀kan wà ní Iceland, kéde jíìnì mìíràn tí ń jẹ́ TREM2. Ara àwọn ọlọ́dẹ yẹn gan-an ni TREM2 ti ń ṣiṣẹ́. Àyípadà kan tí ó ṣọ̀wọ́n nínú rẹ̀ a máa sọ ewu di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta. Ìyẹn ni ó jẹ́ kí ó dá àwọn onímọ̀ lójú pé iná inú ọpọlọ kì í ṣe èéfín àrùn lásán. Ó wà lára igi tí ń jó.

Nígbà tí mo ka ibẹ̀ dé, mo pa ìwé dé. Mo ní, "Ó ti tán. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa." Ọmọ mi obìnrin tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀ọ̀nù tilẹ̀ tẹ̀ mí láago pé òun lè fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n fi itọ́ ẹnu wa ṣe àyẹ̀wò jíìnì, kí olúkúlùkù mọ ibi tí ó dúró sí. Dókítà ni ó ní kí n ṣí ìwé náà padà, nítorí apá tí ó kàn wá jù kò tíì kọjá lójú mi. Ibi tí apá náà sì ti ṣẹlẹ̀ kò jìnnà: àdúgbò Ìdíkàn ni, ní Ìbàdàn wa níbí.

Ní ọdún 1992, àwọn oníṣègùn ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìbàdàn, UCH, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan pọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Òṣúntókun ni aṣíwájú rẹ̀ níhìn-ín títí ó fi kú ní ọdún 1995, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adésọlá Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń bá a lọ. Hugh Hendrie ni aṣíwájú lọ́hùn-ún. Wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Ìdíkàn, wọ́n ń bá àwọn àgbàlagbà tí ó ti pé ọdún 65 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe bákan náà láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú wọn. Wọ́n ń padà lọ wò wọ́n lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ní ọdún 2001 wọ́n tẹ èsì jáde. Nínú 1,000 àgbàlagbà, àwọn tí àrùn ìgbàgbé ń mú lọ́dún kan jẹ́ bí 13 tàbí 14 ní Ìbàdàn. Ní Indianapolis, wọ́n jẹ́ bí 32.

Ẹ dúró níbẹ̀ kí ẹ wò ó dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá àwọn ará Indianapolis yẹn, láti apá ilẹ̀ wa yìí ni wọ́n ti kó wọn lẹ́rú lọ. Oríṣi 4 jíìnì APOE kò ṣọ̀wọ́n lára wa, kò sì ṣọ̀wọ́n lára wọn. Síbẹ̀, àrùn náà mú wọn ju ìlọ́po méjì tiwa lọ. Ní ọdún 1995, nígbà tí àwọn ará UCH wá oríṣi 4 lára àwọn aláìsàn Yorùbá, wọn kò rí i pé ó di àrùn náà mọ́ wọn lára bí ó ti ṣe fún òyìnbó. Ó di ọdún 2014, lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn wò sí i, kí wọ́n tó sọ pé àwọn Yorùbá tí ó ní oríṣi 4 méjì ni ewu tiwọn ga. Àwọn tí ó ní ẹyọ kan kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ nìkan bá ni ó ń ṣe é, kí ni ìdí rẹ̀ tí ohun kan náà yóò fi pa ẹnì kan lára níbì kan, tí yóò sì fi ẹnì kejì sílẹ̀ níbòmíràn?

Àwọn baba wa ti dáhùn kí ìwé tó dé. Bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Jíìnì jẹ́ ibi tí ogiri ti fẹ́ẹ́rẹ́. Ohun tí ń la ogiri náà lẹ́nu ni nǹkan mìíràn: ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ọ̀rá tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, sìgá, àìsàn tí a kò tọ́jú, ìjókòó lójú kan. Ní Framingham ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé ìlera àwọn ará ìlú láti ọdún 1948, wọ́n tẹ èsì kan jáde ní ọdún 2018 tí ó yà mí lẹ́nu. Èròjà kan wà tí ẹ̀dọ̀ ń dà sínú ẹ̀jẹ̀ bí iná bá ń jó nínú ara. CRP ni wọ́n ń pè é. Àwọn tí ó ní oríṣi 4, tí CRP wọn sì wà ní òkè fún ìgbà pípẹ́, àwọn ni àrùn náà mú jù. Ní Honolulu, níbi tí wọ́n ti tẹ̀ lé àwọn ọkùnrin kan fún ọdún 25, àwọn tí CRP wọn ti ga láti àárín ọjọ́ orí wọn ni arán mú jù nígbà tí wọ́n dàgbà. Ọdún 2002 ni èsì yẹn jáde. Ìyẹn fi hàn pé iná náà a máa bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, kí èéfín rẹ̀ tó yọ lójú.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ: "Ó dára, ẹ jẹ́ kí a máa lo oògùn tí ń pa iná ara." Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà, ó sì mi orí. Wọ́n ti dán an wò ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fún àwọn àgbàlagbà ní oògùn ara ríro méjì, naproxen àti celecoxib, bóyá yóò dènà àrùn náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2004 ni wọ́n dá ìfúnni náà dúró nítorí ìbẹ̀rù pé ó lè ṣe ọkàn ní jàǹbá, kò sì dáàbò bo iyè wọn. Nítorí náà, ẹ má ṣe lọ máa gbé oògùn ara ríro mì lójoojúmọ́ nítorí ohun tí mo kọ. Yóò ba kídìnrín àti inú yín jẹ́ lásán.

Dókítà ní òun kò ní dí mi lọ́wọ́ bí mo bá fẹ́ àyẹ̀wò jíìnì, ṣùgbọ́n kí n mọ̀ pé kì í ṣe bí AS àti SS ni ó rí. SS dájú. Èyí kò dájú: ẹni tí ó ní oríṣi 4 lè gbó kí ó tọ́ pẹ̀lú iyè pípé, ẹni tí kò ní in sì lè ṣarán. Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan: "Bàbá, ìgbà wo ni ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín kẹ́yìn?"

N kò lè dáhùn. Ó wọ̀n ọ́n níbẹ̀. Ó jẹ́ 170 lé 100. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń bẹ̀rù jíìnì tí n kò lè fọwọ́ kàn, tí ohun tí ó ṣe é tọ́jú sì ń jó mi nínú. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lo oògùn mi, tí mo sì ń fi ẹsẹ̀ rìn ní àràárọ̀. Mo tẹ ọmọ mi ní Lọ́ńdọ̀ọ̀nù láago pé kí ó fi owó àyẹ̀wò náà ra ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ ríru ránṣẹ́. Ó rà á, gbogbo agbo ilé ni ó sì ń lò ó.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, àwọn àna wa padà wá. Mo sọ òtítọ́ fún wọn. Mo ní:

"Ẹ̀yin àgbà, ìyá mi kì í ṣe àjẹ́. Àrùn ìgbàgbé ni ó ṣe wọ́n, ó sì dà bí ẹni pé òun náà ni ó ṣe ìyá wọn. Bí ẹ bá bi mí bóyá ẹ̀jẹ̀ ní ọwọ́ nínú rẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ bá bi mí bóyá ẹ̀jẹ̀ ni ó ń dá ẹjọ́ rẹ̀, mo ní rárá. Ọmọ mi lè ti jogún ibi tí ogiri ti fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì lè má jogún rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, kì í mu sìgá, kò sì ní di ìyá tàbí bàbá ẹnikẹ́ni mọ́ òpó bí orí wọn bá dàrú. Ìyẹn ni mo rí kọ́ ọ."

Mo sì sọ ti ilé àdúrà náà fún wọn. N kò bo nǹkan kan. Bàbá náà wo ilẹ̀. Ìyá àgbà tí kì í sọ̀rọ̀ ni ó gbé ojú sókè, ó sì rọra bi mí pé:

"Nígbà tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lára màmá, kí ni wọ́n kọ́kọ́ gbàgbé?"

Mo ní, "Ṣéńjì ni. Owó ọjà."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ọkọ mi, ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ni. Ogójì ọdún ni ó ti ń rìn ín. Nínú oṣù tí ó kọjá, wọ́n ní láti mú un padà wá sí ilé lẹ́ẹ̀mejì. N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni."

Èmi ni mo bá wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà náà ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e. Ní ti ìgbéyàwó, a ti ṣe é, wọ́n sì ń gbé ní àlàáfíà.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ní ọdún 2024 kan náà, àwọn onímọ̀ tí ìwé ìṣègùn Lancet kó jọ sọ pé bí a bá lè mú ohun 14 kúrò láyé àwọn ènìyàn, ó ṣeé ṣe kí a dènà tàbí kí a dá bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún àrùn ìgbàgbé dúró. Lára wọn ni ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, sìgá, ọtí àmujù, etí dídi àti ojú tí kò ríran tí a kò tọ́jú, àìlọ sí ilé ìwé, àti kí a fi àgbàlagbà sílẹ̀ ní òun nìkan. Kò sí jíìnì nínú ohun 14 náà, nítorí a kò lè pààrọ̀ òbí. Ṣùgbọ́n àwọn yòókù, ọ̀pọ̀ wọn wà ní ìkáwọ́ wa.

Bí bàbá tàbí ìyá yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé, ẹ má fi ṣe ẹ̀rín bí a ti ṣe, ẹ má sì gbé wọn lọ sí ibi tí a gbé tiwa lọ. Ẹ mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ gbàdúrà, kí ó gbà á nínú ilé, pẹ̀lú oúnjẹ nínú ìyá rẹ̀, láìsí okùn lọ́wọ́ rẹ̀.

Àpá okùn yẹn kò kúrò lọ́rùn ọwọ́ ìyá mi títí a fi sin ín. Òun ti gbàgbé bí ó ṣe débẹ̀. Èmi kò gbàgbé, n kò sì gbàdúrà kí n gbàgbé rẹ̀ láé.